Tábìlì Tí Ẹ̀kọ́ Ilé Gé Kúrú

Láyé SAP, nígbà tí àwọn ṣọ́jà ń ṣèjọba tí náírà sì já wálẹ̀, iléeṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Oregun ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti kó tábìlì tí àwọn obìnrin fi ń di bísíkíìtì sínú páálí wá, ó sì ga jù fún wọn. Àwọn míì á to páálí méjì léra, wọ́n á gun orí ẹ̀ kí ọwọ́ wọn tó dé iṣẹ́. Ọjọ́ tí ọ̀kan já bọ́, tó fìdí lélẹ̀ lórí ẹrù tó ń lọ sí Ìlúpéjú, ni mánéjà pè mí.

"Ìwọ tó o ka ìwé ní Poli, lọ wọn gbogbo wọn. Dọ́là ti gbówó lórí, níbí la ti máa kan tábìlì tiwa. Tí ò bá ṣe déédé, lẹ́tà ẹ ti wà nílẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí. Nígbà yẹn, ẹni tí wọ́n bá fún ní lẹ́tà pé kó máa lọ ilé ò mọ ibi tó ti máa ríṣẹ́ míì.

Káfíńtà wa, àgbàlagbà ará Ọ̀yọ́ tí gbogbo wa ń pè ní Baba, ló ń fa téèpù láti ilẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ oníkálukú. Èmi dojú bolẹ̀, mò ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ara èèyàn ò dọ́gba, nítorí náà oríṣi tábìlì mẹ́ta ni mo fẹ́ kàn: ti kúkúrú, ti àárín, ti gíga. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ti dé iwájú Baba, á kí wọn, Baba á sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà: ọkọ rere, ọmọ, ilé tuntun. "Àmín, Baba. Àmín." Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò sí ẹni gíga kankan nínú ìwé mi. Obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan wà tó gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé. Nínú ìwé mi, òun ló kúrú jù. Mo bi Baba.

"Ohun tí téèpù wí ni mo kà, ọmọ mi."

Ta ni mo jẹ́ tí màá fi bá àgbà jiyàn?

Nígbà tí tábìlì délẹ̀, ẹ̀yìn gbogbo àwọn obìnrin náà tẹ̀ bíi ti ẹni tó ń gbálẹ̀. Obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ ní, "Ọ̀gá Poli, ṣé kí n kúkú dùbúlẹ̀ ni?" Mánéjà wọlé, lẹ́tà yọrí síta nínú àpò ẹ̀wù ẹ̀.

Bó ṣe ń lanu báyìí ni Baba wọlé.

"Ẹ káàárọ̀, Baba!" Gbogbo obìnrin inú yàrá náà tẹ orúnkún, wọ́n lọ sílẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ wọn bọ́ sórí tábìlì gẹ́lẹ́, kò lé, kò dín. Baba bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ẹnikẹ́ni ò sì nà ró.

Mo pariwo. "Ọ̀gá, ẹ wò ó! Ẹ̀kọ́ ilé la wọ̀n! Ẹni tó lẹ́kọ̀ọ́ jù ló kúrú jù!"

Mánéjà náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ kanlẹ̀, ó ń dúró de àmín. Lẹ́tà já bọ́ látinú àpò ẹ̀. Mo fi bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Mánéjà fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan láti tún un ṣe. Mo ní kí Baba jókòó síta, mo sì fa téèpù fúnra mi. Mo rò pé wọ́n á tẹ orúnkún díẹ̀ fún èmi náà. Mo tiẹ̀ ti ń múra láti sọ pé kí wọ́n má ṣèyọnu. Ẹnì kankan ò ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ dúró ṣánṣán, ó ń jẹ bísíkíìtì, èérún ẹ̀ ń bọ́ sí mi lórí. Tábìlì tuntun náà ṣe wẹ́kú. Ó dùn mí, kí n má purọ́, ṣùgbọ́n bí wọn ò ṣe kà mí sí yẹn ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.