Àmì Kan Tí Mo Fò Nínú Ìwé Fíólà

Àṣìṣe tí èmi fi ọwọ́ ara mi ṣe ni wọ́n fi yọ Bàbá Akínṣọlá kúrò nínú ọ́kẹ́sírà wa.

Lára ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn tí a ti ń dánra wò ní Àkúrẹ́ ni mo ti rí i, níbi tí wọ́n lẹ ètò sáà eré tuntun mọ́. Eré márùn-ún ni wọ́n tò síbẹ̀, mẹ́rin ní Àkúrẹ́, ìkarùn-ún ní Oǹdó. Mo wo orúkọ àwọn tó ń ta fíólà, ìyẹn ẹ̀gbọ́n fayolíìnì, tí ohùn rẹ̀ wúwo díẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Méjì ni mo rí. Mo tún un kà, bí ẹni pé orúkọ kẹta lè yọjú bí mo bá wò ó pẹ́. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tó bá ń ka sólífà, orin tí a fi lẹ́tà kọ, kò ní bá wa ṣeré mọ́.

Èmi ni akọ̀wé orin níbẹ̀. Nígbà tí mo jáde yunifásítì, mo rò pé fayolíìnì ni wọn yóò gbé lé mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, rúlà, pẹ́ńsùlù àti bébà ni wọ́n kó fún mi. Ìwé ńlá tí olùdarí ń wò ló ní ohùn gbogbo nínú. Iṣẹ́ tèmi ni kí n yọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan jáde, kí n sì rí i pé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti sinmi ni yóò ti ṣí ojú ìwé. Iṣẹ́ jẹ́jẹ́ ni. Bí mo bá jókòó ti fèrèsé láàárọ̀, tí kùrukùru ṣì bo àwọn òkè Àkúrẹ́, mo máa ń gbọ́ gbogbo wọn láìsí ẹnikẹ́ni nítòsí. Fèrè á ti ọ̀nà jíjìn dé, sẹ́lò, fayolíìnì ńlá tí wọ́n ń jókòó ta, á tẹ̀ lé e bí ẹni tó ń rìn nínú ìrì. Bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń wà títí ògì mi á fi tutù.

Ní Oǹdó, níbi tí a máa ń lọ dánra wò nígbà mìíràn, ni mo ti pàdé Bàbá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ orin láti kékeré, lẹ́tà sólífà ni wọ́n sì fi kọ́ ọ: dò, rè, mí, láìsí ìlà márùn-ún tí àwa fi ń kọ orin. Ó gbé ìwé tí mo kọ síwájú, ó wò ó títí.

"Ọmọ mi, ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ó mà dára o. Èèrà tó ń gun wáyà ni mo rí. Níbo ni wọ́n ń lọ?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ tirẹ̀ ní sólífà, ní lẹ́tà gbàǹgbà.

Nínú sólífà, dò kì í gbé ojú kan. Bí orin bá yí ohùn padà, dò á kó lọ sílé mìíràn, àwọn yòókù á sì bá a lọ. Akọ̀wé gbọ́dọ̀ fi àmì sí ibi tó ti kó. Bí kò bá fi í síbẹ̀, inú ilé àtijọ́ ni ẹni tó ń kà á yóò jókòó sí.

Ní sáà tó kọjá, nígbà tó ku ọjọ́ kan kí a ṣeré ní Àkúrẹ́, tíì dà sórí ìwé Bàbá níbi ìdánrawò ní Oǹdó. Mo tún un kọ nínú bọ́ọ̀sì bí a ti ń padà. Oko kòkó ń kọjá lára fèrèsé, òòrùn ń rọlẹ̀, apá orin tó rọra jù lọ ni mo sì ń kọ. Ó dùn létí mi débi pé mo gbàgbé pé Bàbá kò lè gbọ́ ohun tó ń dún nínú orí mi. Mo fo àmì náà.

Lọ́jọ́ kejì, níbi eré, gbogbo ọ́kẹ́sírà bá dò kó lọ, Bàbá nìkan ló dúró sílé àtijọ́. Ó ń ta á gbọnmọgbọnmọ, bí ẹni tó gba ohun tí a kọ fún un gbọ́. Ìgbà mẹ́rin ni ọ̀pá olùdarí lọ tó bọ̀ kí etí Bàbá tó mú un, tó gbé ọwọ́ kúrò.

Lẹ́yìn eré, olùdarí wá bá a. "Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo la ẹnu. Bàbá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ọwọ́ àgbà ló ṣìnà, ọ̀gá. Ẹ má bínú."

Níta, mo ní, "Bàbá, èmi ni mo..."

"Mo mọ̀. Ṣé mi ò lójú ni? Wọ́n á lé ìwọ. Ta ló fẹ́ lé èmi arúgbó?"

Mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni ẹ̀bi tèmi, mo sì kọ ọ́ síbí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mo fi pamọ́.

Nígbà tí mo rí ètò tuntun, mo mú ìwé tí mo kọ nínú bọ́ọ̀sì lọ bá Alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ọ́kẹ́sírà wa.

"Ẹ wo ibí yìí, sà. Kò sí àmì. Èmi ni mo fò ó, kì í ṣe Bàbá."

"Arábìnrin, èmi ò mọ sólífà."

"Ìdí tí mo fi ń ṣàlàyé nìyẹn, sà."

"A ti tẹ ìwé ètò. Ṣé ká tún un tẹ̀ torí ẹnì kan ni?"

Wọn kò pe Bàbá kí wọ́n bi í léèrè. Orí Wọ́sáàpù ni wọ́n ti sọ fún un, wọ́n ní ọjọ́ orí ló fa ìṣìnà rẹ̀. Wọ́n kó gbogbo ìwé sólífà tí mo kọ kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù láìbi mí. Èyí tó dùn mí jù ni pé orin kan náà ni wọ́n fi sí eré Oǹdó, kí àwọn aládùúgbò Bàbá lè wá jókòó gbọ́ ọ láìsí òun níbẹ̀.

Mo lọ kí Bàbá nílé rẹ̀. Mo ti ń gbọ́ fíólà láti ìta. Orin yẹn ni, kò sí ìwé níwájú rẹ̀, dò sì ń kó níbi tó yẹ kó ti kó.

"Bàbá, ẹ ṣì ń ta á?"

"Kí n wá máa fi ọwọ́ yìí lé ewúrẹ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò wo ojú mi.

Nítorí náà, mo ń bi ẹ̀yin ìgbìmọ̀ léèrè. Ta ló dán Bàbá Akínṣọlá wò kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́? Níbo ni ẹ kó àwọn ìwé mi sí? Mo ti fi ẹnu jẹ́wọ́, mo sì ti fi ìwé jẹ́wọ́. Kí ló dé tí orúkọ tèmi tí mo ṣe é fi wà gàdàgbà lójú ewé kejì ìwé ètò yín, tí tirẹ̀ kò sì sí níbì kankan? Ẹ kọ èsì yín sílẹ̀, kí ẹni tó pàṣẹ ọ̀rọ̀ náà sì fọwọ́ sí i, kí eré àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.