Iná Ìsè Ẹmu Orpa

Ó ti rẹ Orpa. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò sàn. Àárẹ̀ tó ti wọ egungun ni, irú èyí tí obìnrin máa ń gbé sùn, tó sì máa ń gbé jí. Láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ ní erékùṣù Rote ló ti ń jókòó ti ihò iná tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, tó ń se ẹmu ọ̀pẹ títí yóò fi ki bí oyin. Èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú iná, kò sì nà mọ́, àní bó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá.

Ẹmu kò mọ̀ pé ara èèyàn kò yá. Bí ọkùnrin bá ti gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi, tí obìnrin kò bá tètè gbé e kaná, ó ti kan nìyẹn, kò ṣeé sè mọ́, àfi kí wọ́n gbé e fún àwọn ọ̀mùtí. Nítorí náà, ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí ọ̀pẹ ń sun, kò sí ìsinmi fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin á gùn láàárọ̀, á tún gùn nírọ̀lẹ́, obìnrin á dáná tẹ̀ lé e. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ a máa fọ́nnu pé ọ̀pẹ ló wo àwọn dàgbà. Wọn kì í dárúkọ ẹni tó jókòó ti iná.

Ndolu, ọkọ Orpa, ni ọ̀gá nínú wọn. Ó ti di arúgbó, orúnkún rẹ̀ ń dún bó bá fẹ́ jókòó. Síbẹ̀ yóò so garawa tí wọ́n fi ewé ọ̀pẹ ṣe mọ́ ìbàdí, yóò ki ọ̀bẹ bọ àkọ̀, yóò sì máa fẹsẹ̀ lásán tẹ àwọn ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n gé sára igi, títí yóò fi dé òkè. Àwọn ará abúlé máa ń fi í ṣàpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wọn tó bá ń ṣọ̀lẹ. Nígbà kan, ìyìn yẹn a máa dùn mọ́ Orpa. Lọ́dún yìí, ẹ̀rù ló ń bà á.

Mesak ló fà á. Mesak, adẹ́mu bíi Ndolu, já láti orí ọ̀pẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò, ó sì kú kí wọ́n tó sáré dé ìdí igi. Ní abúlé wọn, ẹni tó bá kú ikú rere, inú ilé ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí. Àwọn àgbà á kọrin sìn ín, wọ́n á sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, níbi tí yóò ti máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá já láti orí igi kì í wọlé mọ́. Ìta ni wọ́n tẹ́ Mesak sí, ẹ̀yìn odi abúlé ni wọ́n sin ín sí, láìsí orin. Pásítọ̀ bẹ̀bẹ̀ títí, àwọn àgbà kò yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Orpa rí ìyàwó Mesak lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, bó ṣe dúró tí kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí. Láti ìgbà yẹn, bí Ndolu bá ti gun igi, ọkàn Orpa kì í sí nídìí ìkòkò mọ́. Ó fẹ́ kí wọ́n sin ọkọ òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kí wọ́n sì sin òun náà tì í. Kò bẹ Ọlọ́run ní nǹkan mìíràn.

Ó pe Adu, ọmọ wọn tó wà ní ìlú Kupang, lórí fóònù, ó ní kó bá òun bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Adu rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ìyá òun fi bàbá lọ́rùn sílẹ̀, pé ọ̀pẹ ló gbé ẹ̀mí ọkùnrin náà ró, pé ọjọ́ tí kò bá gùn mọ́, kò ní pẹ́ kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo èèyàn ń sọ nípa àwọn adẹ́mu. Orpa gbà á gbọ́. Ó panu mọ́, ó ń fẹ́ iná rẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìkòkò ti wà lórí iná, Ndolu kò dé. Orpa fi iná sílẹ̀, ohun tí kò ṣe rí, ó lọ sí ìdí ọ̀pẹ tó ga jù lọ, èyí tó wà lọ́nà òkun. Ó gbójú sókè, ó rí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ láàrin imọ̀, ẹsẹ̀ náà ń gbọ̀n. Ó bi í pé kí ló ń ṣe lókè. Ndolu ní òun ń sinmi. Ó tún ké sí i láti òkè.

“Ìyá Adu, má lọ.”

Kò lọ. Ó di igi náà mú bí ẹni pé òun ló gbé e dúró, ó ń júwe ojú ẹsẹ̀ tó kàn fún un: òsì, ọ̀tún, ẹ rọra. Oòrùn ti wọ̀ kí Ndolu tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, kò lè tú garawa kúrò ní ìbàdí, ẹmu sì ti dà sí i lára.

“Ẹ má gùn ún mọ́,” ni Orpa wí. “Mi ò fẹ́ kí wọ́n tẹ́ yín sí ìta.”

“Bí mi ò bá gùn, kí lo máa sè?”

“Kí lẹ ní lọ́kàn?” ni Orpa bi í.

“Ọdún tí ìyá mi fi iná sílẹ̀, wọ́n kú kí òjò ọdún náà tó dé,” Ndolu wí. “Mo ní tìẹ ò ní rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹmu bá ṣì ń wọlé, wàá ní ohun tí o ń jí ṣe. Orúnkún mi ti kọ̀ tipẹ́. Nítorí tìẹ ni mo ṣe ń gùn.”

Orpa fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. “Bàbá Adu, mo kórìíra iná yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti kórìíra rẹ̀. Nítorí tiyín ni mo ṣe ń dá a.”

Inú bí i sí ọkọ rẹ̀, inú sì bí i sí ara rẹ̀ jù. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì rẹ̀ léèrè. Nígbà tó yá, Ndolu rán an létí pé bí òun kò bá fọ̀bẹ kan ìtànná ọ̀pẹ lójoojúmọ́, gbígbẹ ni wọn yóò gbẹ, ó sì di ọdún tó ń bọ̀ kí ẹmu tó tún sun. Orpa ní kí wọ́n gbẹ. Èyí tí òun ti sè pamọ́ nílé yóò gbé àwọn dé ìgbà òjò, bí Ndolu kò bá fi ṣàlejò gbogbo abúlé. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n rọra ń lọ sílé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn kò dìde. Oòrùn wọlé bá wọn lórí ẹní. Ìró ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ló jí Orpa, ó sì lọ ṣílẹ̀kùn.

Welmin, ìyàwó ilé kejì, ló dúró síwájú, ó wé aṣọ dúdú mọ́rí, ó gbé agbọ̀n ìrẹsì lọ́wọ́. Àwọn obìnrin mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹkún ti wà lójú wọn nílẹ̀. Pelo náà dé pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Ẹbí ìyá Ndolu ni, òun ni àṣà yàn láti gbẹ́ ibojì rẹ̀. Wọn kò rí èéfín lẹ́yìn ilé Orpa láàárọ̀ náà. Nínú àsìkò ẹmu, kí ni ìbá tún pa iná obìnrin bí kò ṣe òkú?

“Ìyá Adu,” Welmin wí jẹ́jẹ́, “ṣé inú ilé ni ẹ tẹ́ wọn sí?”

Ndolu wúkọ́ lórí ẹní.

“Kò sẹ́ni tó kú,” ni Orpa dáhùn. “Ó rẹ̀ wá ni.”

Pelo gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó ń ráhùn pé òun fi ọ̀pẹ òun sílẹ̀ lásán, ó sì wọlé lọ kí Ndolu. Àwọn obìnrin wo ara wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ìkòkò oníkálukú wà lórí iná. Welmin nìkan ló kù.

“Ṣé èèyàn lè sọ bẹ́ẹ̀?” ó béèrè. “Pé ó rẹ òun?”

“Àná ni èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.”

Welmin jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ láti ilé kejì, pé ẹmu ti sọ̀ kalẹ̀. Ó gbọ́. Ó tú aṣọ dúdú kúrò lórí, ó ká a sórí itan, kò sì dìde.