Ọjọ́ Tí Mo Sá Gbodo Sórí Àpáta Òkun

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún, ọdún náà ni mo rí òkun. N kò mọ iye tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Ìkàrẹ́ nígbà náà kò lè gbàgbé. Dírẹ́bà wa a gbàgbé ara rẹ̀, a tún sáré bọ̀ sí òsì, gbogbo èrò ọkọ̀ a sì ké lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ọ̀tún! Ọ̀tún!" Bí a ṣe ké dé Ìgbókòdá nìyẹn.

Ọkọ mi ló wà ní Gàbóònù. Ó ti lọ ṣíwájú, ó ní bí òun bá ríbi dúró òun yóò ránṣẹ́ sí mi. Iṣẹ́ náà dé lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó wá jẹ́ ẹ fi tirẹ̀ lé e: ó ní obìnrin kan ń dáná fún ọkọ mi níbẹ̀. Yèyé mi gbọ́, kò pariwo. Ó wọ yàrá, ó kó gbodo jáde, iṣu tí a bọ̀ tí a sá gbẹ, ó dì í kún àpò ńlá kan. Ó ní, "Ọkùnrin lè gbàgbé ojú ìyàwó rẹ̀. Kì í gbàgbé ọkà ilé rẹ̀. Bí o bá débẹ̀, má bá ẹnikẹ́ni jà. Gún gbodo, jọ̀ ọ́, ro ọkà, kó o jókòó." Àpò yẹn ni gbogbo ọmọ ogun tí mo kó lọ.

Ọkọ̀ àwọn Ìlàjẹ la wọ̀, ọkọ̀ pákó tó ní ẹ́ńjìnnì, tó tún ní ìgbòkun. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọ iṣẹ́, wọ́n a ta ìgbòkun, a ó sì máa tẹ̀lé etí ilẹ̀ lọ bí ọmọ tó di ìdí aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Èmi tí mo ń ru igi sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Ọ̀kà, ìlú wa, láìfọwọ́ kàn án, mo bì gbogbo oúnjẹ ilé sínú omi. Omi òkun náà ò yéé ta sínú ọkọ̀, àpò gbodo mi sì rin gbindin.

Nígbà tó yá, ìgbòkun ya, a bá ya èbúté kan ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù kí wọ́n lè rán an. Bí mo ti bọ́ sílẹ̀, ohun tí ojú mi kọ́kọ́ rí ni àpáta. Àpáta dúdú, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, oòrùn ti yan án gbóná. Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Ọ̀kà, orí àpáta ni wọ́n bí wa sí. Orí rẹ̀ la ń sá gbodo, orí rẹ̀ la ń sá ata àti aṣọ. Mo rí àwọn ìgbín kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ àpáta náà káàkiri. Mo ní, ìgbín ìlú yìí mà láyà o, wọn kò bẹ̀rù oòrùn. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ń ríran.

Mo tú àpò, mo tẹ́ gbodo mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lẹ́wà. Ìyàwó ọ̀gá ọkọ̀, tó ń yan ẹja lókè iyanrìn, pè mí.

"Ìyàwó! Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń sá gbodo ni, ẹ̀gbọ́n."

"Kó o kúrò níbẹ̀ o. Àpáta yẹn lólúwa."

"Ta ló ni ín?"

"Òkun ni."

Mo rò pé ó fẹ́ fi ibẹ̀ sá ẹja rẹ̀ ni. Mo ní, "Kó wá gbà á nígbà náà."

Ó wò mí, ó mi orí. "Ará òkè! Ó ń bọ̀."

Ta ni yóò wá kọ́ ọmọ Ọ̀kà bí a ti ń sá nǹkan lórí àpáta? Nílé wa, ewúrẹ́ ni ọ̀tá ẹni tó sá nǹkan. Mo bá wá igi gígùn kan, mo jókòó sábẹ́ igi àgbọn, mo kọjú sí ìlú, mo ń ṣọ́ ewúrẹ́. Òkun wà lẹ́yìn mi. Oorun kò kùn mí, n kò sì ṣeré. Mo ṣọ́ ọ dáadáa.

Ó ṣe, mo gbọ́ ìró kan lẹ́yìn, ṣààà. Mo yíjú. Àpáta ti lọ! Òkun ti kún bò ó. Gbodo yèyé mi ti di ọkọ̀ kéékèèké, wọ́n ti ṣí, wọ́n ń lọ Gàbóònù ṣáájú mi.

Mo fi igbe ta. "Olè! Ẹ gbà mí o, olè!"

Àwọn ọkùnrin inú ọkọ̀ gbé igi sáré wá. "Olè dà?"

Mo nawọ́ sí òkun.

Ọ̀gá ọkọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ mú un! Ẹ má jẹ́ kó sá lọ o!"

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ká ìró sókè, ó fa àwọ̀n, ó wọ inú omi, ó ń fi í kó gbodo bí ẹni ń kó ẹja. Ohun tó rí kó kò kún agbọ̀n. Mo jókòó sórí iyanrìn, mo ń sunkún, mo ní kí wọ́n fi mí síbẹ̀ kí n wá ọkọ̀ tó ń padà lọ sílé. Kí ni n ó fi dojú kọ obìnrin tó ń dáná fún ọkọ mi mọ́?

Ìyàwó ọ̀gá ọkọ̀ ní, "Gbé e wá ká yan án. Bó bá jẹ́ ọkọ rẹ ni, yóò jẹ ìyókù." Orí ààrò ẹja rẹ̀ la yan án sí títí ó fi gbẹ.

Nígbà tí mo dé Gàbóònù, mo rí obìnrin náà. Kò léyín kan lẹ́nu, ó tó bí ìyá ìyá mi. Òun ló kọ́kọ́ dì mọ́ mi. Mo gún gbodo, mo ro ọkà, mo jókòó bí yèyé mi ti wí. Ọkọ mi ki òkèlè kan, ó tún wo inú àwo. Ẹ̀rù bà mí.

Ó ní, "Kí lo fi sí ọkà yìí?"

Mo ní, "Bí a ti ń rò ó nílé náà ni."

Ó ní, "Irọ́ ni. Èyí dùn ju ti ilé lọ."

Láti ọjọ́ yẹn, ọkà tí kò bá ní iyọ̀ tí kò sì rùn bí èéfín ẹja, kì í jẹ ẹ́. Nígbà tí a padà sí Ọ̀kà, yèyé mi tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Títí ó fi kú, ó gbà pé Gàbóònù ló ba ẹnu ọkọ mi jẹ́. N kò já a nírọ́.

Nígbà tí àwọn ọmọ mi ń lọ sí ìlú òkèèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sọ fún wọn pé, "Ibi tí ẹ bá dé tí ẹ bá rí àpáta tó jọ ti ilé, ẹ bèèrè olúwa rẹ̀ kí ẹ tó tú ẹrù. Bí wọ́n bá sì ní ó ń bọ̀, ẹ kọjú sí i."

Àbíkẹ́yìn mi, ìyá ọmọ tó ń bá mi kọ ìwé yìí, bi mí lọ́jọ́ tí òun náà ń lọ pé, "Yèyé, ewúrẹ́ ńkọ́?"

Mo ní, "Ewúrẹ́ kankan kò débẹ̀."