Níbi Tí Bàbá Apẹja Ti Ń Dẹwọ́ Ẹ́ńjìnì

Òórùn bẹntiróòlù tó pò mọ́ ti ẹja yíyan ni mo fi ń rántí etí adágún omi yẹn, lọ́nà Ifẹ̀, kọjá Ẹgbẹ́dà. Nígbà náà, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Adégbàyí tí mo ti ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ò sí nínú iṣẹ́ tí mo kọ́. Àmọ́ bàbá apẹja kan, àgbà ìjọ Aládùúrà tó wà lẹ́bàá omi náà, gbé bátìrì wọn wá lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ó máa ń kú ṣáá.

Àìsàn kan ti sọ apá ọ̀tún wọn di ọ̀lẹ, wọn kò lè fa okùn ẹ́ńjìnì mọ́. Bọ́tìnnì ló kù, bọ́tìnnì kò sì wúlò láìsí bátìrì. Bó bá kú sójú omi, ọwọ́ kan ni wọn yóò fi wa ọkọ̀ délé. Mo tẹ̀ lé wọn. Ẹ́ńjìnì àtijọ́ ni, ọ̀dà ara rẹ̀ ti hó. Mo ha ìpẹtà orí wáyà kúrò, mo pààrọ̀ fíúsì, mo tú orí rẹ̀ láti wo kóìlì tó ń fún bátìrì ní iná, kò jóná. Nígbà tí a sítáàtì rẹ̀ tí mo jẹ́ kó sáré dáadáa, mítà tí mo fi ń wọn iná bátìrì gòkè kọjá mẹ́tàlá. Ó ń ṣájì. Mo padà sílé tayọ̀tayọ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, bátìrì tún ti kú. Mo padà lọ tú u, n kò rí àbùkù kankan. Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kẹta, ojú ń tì mí, ìtìjú náà sì di ìbínú lẹ́nu mi. Mo ní, "Bàbá, ó dà bíi pé ẹ máa ń gbàgbé pa iná ọkọ̀ yín ni. Ọjọ́ orí ni."

Wọn kò bínú. Wọ́n ní, "Bá mi jáde lọ́la, kí o fojú ara rẹ rí i."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì a gbéra, a ń rọra lọ. Nígbà tí a dé ibi tí orí igi gbígbẹ mẹ́ta ti yọ lójú omi, wọ́n dẹwọ́ ẹ́ńjìnì, wọ́n jẹ́ kó máa kùn lábẹ́lẹ̀. Wọn kò da àwọ̀n. Wọ́n ṣí fìlà. A wà níbẹ̀ títí oòrùn fi mú. Mo wo mítà: méjìlá, ó sì ń wálẹ̀. Mo ti rí àrùn náà. Irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ kì í ṣájì bátìrì bí kò bá sáré.

"Bàbá, ẹ ò ṣe pa á?"

"Bí mo bá pa á tí kò jí mọ́ ńkọ́?"

"Kí la wá dúró ṣe níbí?"

Wọ́n nawọ́ òsì sí omi. "Abúlé wa ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ìyàwó mi àkọ́kọ́ kú lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni mo sin ín sí. Nígbà tí ìjọba fẹ́ dí odò, wọ́n ní kí oníkálùkù wá hú òkú ẹbí rẹ̀ kó lọ. Oko kòkó lọ́nà jíjìn ni mo wà. Ìgbà tí mo fi dé, omi ti bo òrùlé."

Wọ́n bẹ̀ mí kí n má sọ fún ìyá àwọn ọmọ wọn, ìyàwó wọn tó wà nílé, kí màmá má baà rò pé bàbá kò ka àwọn sí.

Mo fẹ́ tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tí mo sọ, ẹnu mi kò gbà á. Ohun tí mo lè ṣe ni mo ṣe: mo ní bí wọ́n bá ti ń kúrò níbẹ̀, kí wọ́n máa sáré yí adágún náà ká kí wọ́n tó forí lé ilé, kí bátìrì lè rí iná tó sọnù gbà padà. Wọ́n gbọ́. Wọn kò gbé bátìrì wá mọ́.

Lọ́dún kejì, nígbà ọyẹ́, wọ́n kú. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, lórí òkè gbígbẹ, ni wọ́n sin wọ́n sí. Mo dúró láàárín èrò, màmá ń sunkún, mo mọ ibi tí ọkàn ọkọ wọn wà, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Títí dòní n kò mọ̀ bóyá mo ṣe é re. Èyí tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tú ẹ́ńjìnì bàbá yẹn palẹ̀, tí mo tún fi ọjọ́ orí bú wọn, kí n tó béèrè ibi tí wọ́n ń gbé e lọ.