Gìgísẹ̀ Bàtà Ọ̀gá Mi

Gbì, kẹ̀. Gbì, kẹ̀. Bí ọ̀gá mi ṣe máa ń bọ̀ láti yàrá rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn. Gbì ni ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún un, kẹ̀ ni èyí tí ọsibítù fún un. Èmi á ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wa níwájú ilé, ní Muṣin, nínú òórùn gọ́ọ̀mù àti awọ, màá máa kà á. Tí kẹ̀ bá pẹ́ kó tó tẹ̀lé gbì, màá fi ọ̀bẹ sílẹ̀, màá dìde. Tó bá dún, màá tún jókòó.

Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ tí ìyá mi fi mí síṣẹ́ bàtà lọ́dọ̀ rẹ̀. Lónìí, ẹ béèrè mi láti Ìdí-Òró dé Ojúẹlẹ́gba, ẹ ó gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Kò sí bàtà tí ọwọ́ yìí ò lè ṣe. Nígbà yẹn náà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mo ti ń fọ́nnu. Ọ̀gá mi ni kì í fọ́nnu. Ọkùnrin gíga ni. Á gbé awọ sétí, á tẹ̀ ẹ́, á gbọ́ bó ṣe ń dún kó tó gé e.

Bọ́ọ̀sì kan ló fi ẹ̀yìn rìn lé e lẹ́sẹ̀ òsì ní Jíbówú. Wọ́n gé e nísàlẹ̀ orúnkún. Ó lé ní ọdún kan tó fi wà lórí ọ̀pá méjì, èjìká rẹ̀ tẹ̀, ó wá kúrú lójú mi. Àwọn oníbàárà ń rọra yà sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì. Wọ́n á ní kí bàbá máa sinmi. Láràárọ̀, ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màámi, á fi páúdà pa kùkùté ẹsẹ̀ náà, á wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, kò sì ní wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ọsibítù dé, ọ̀gá mi jẹ́jẹ̀ẹ́ pé lọ́jọ́ ìdúpẹ́ òun á rìn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé pẹpẹ láì mú ọ̀pá, kí gbogbo àwọn tó ti ń sọ pé iṣẹ́ òun ti parí rí òun. Àmọ́ bàtà tí wọ́n fi kún ẹsẹ̀ náà burú lójú aránbàtà. Ó ní òun ò lè wọ irú rẹ̀ lọ síwájú Ọlọ́run. Òun fúnra rẹ̀ rán ojú bàtà tuntun, ó wá fi gìgísẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ṣàlàyé pé gíga gìgísẹ̀ bàtà ọsibítù ni wọ́n fi wọn ẹsẹ̀ náà, pé tí tuntun bá ga jù ú lọ, ẹsẹ̀ náà ò ní lè dúró déédéé.

"Ìka méjì," ó wí. "Má fi nǹkan kan lé e."

Mo fi lé e. Awọ pẹlẹbẹ kan, lábẹ́ ọ̀tún, lábẹ́ òsì. Mo fẹ́ kó tún ga bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo sì fẹ́ kí àwọn èèyàn bi í pé ta ló ṣe gìgísẹ̀ yẹn.

Ọ̀gá mi kò wọ̀n ọ́n. Ó gbà mí gbọ́. Kò tiẹ̀ dán an wò nílé. Ó ní bàtà ìdúpẹ́ kò gbọdọ̀ tẹ eruku kó tó tẹ ilé Ọlọ́run. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni Màámi ti wọ̀ ọ́ fún un. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tó kẹ́yìn. Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà náà. N kò sọ ọ́.

Àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀. Gbì, kẹ̀. Gbì, kẹ̀. Orúnkún òsì ń yọ síwájú bíi ti ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tẹ́jú. Gbì. Kẹ̀ kò wá. Ó gbá àga mú. Kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá. Ojú ló fi ń wá mi.

Mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi òsì, gbogbo ara rẹ̀ ló gbé lé e.

"Ìka mélòó nìyí?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Mo ní ìka mélòó?"

"Méjì àti díẹ̀, sà."

"Ó dáa. Rìn."

Báyìí la ṣe dé pẹpẹ. Gbogbo ìjọ ń pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ ní ká wo ìfẹ́ ọ̀gá sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé bàtà náà síwájú mi pẹ̀lú ọ̀bẹ. Bí mo ṣe ń ṣí awọ yẹn kúrò, mo jẹ́wọ́ fún un pé mo fẹ́ kó ga ni.

"Èmi ò ní kí o sọ mí di gíga. Kí n ṣáà ti lè dúró."

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, kò sí ìdúpẹ́, akọrin ò kọrin fún un. Ó kàn dìde, ó rìn dé pẹpẹ fúnra rẹ̀, ó sì padà. Mo kà á láti ẹ̀yìn. Kò sí èyí tó pẹ́.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹsẹ̀ ọsibítù ń wá mi dé ṣọ́ọ̀bù báyìí, torí kò sẹ́ni tó mọ bàtà wọn ṣe tó mi. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé mo lẹ́nu. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbé ìka lé gìgísẹ̀ bàtà irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹnu mi á pa dé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ń wọ̀n ọ́n. Màá ní kó rìn dé etí gọ́tà kó padà, màá sì kẹ̀yìn sí i, etí ni màá fi máa wò ó. Títí ó fi máa padà dé, ọwọ́ ọ̀gá mi á wà lórí èjìká mi òsì.