Orin Tí Wọ́n Ń Kùn Lórí Pápá Gọ́ọ̀fù

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fara mọ́ ọn bí ọ̀rọ̀ mi kò bá tò dáadáa. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, abẹ́rẹ́ sì mọ́ mi lọ́wọ́ ju bírò lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbóòórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, ọkàn mi a padà sí àárọ̀ Sátidé ìgbà èwe mi ní Ilé-Ifẹ̀.

Bàámi a máa fun fèrè idẹ. Àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn méjì, Alájì Làmídì tó ń fun sakisofóònù àti Bọ̀dá Dípọ̀ tó ń ta gìtá, ni wọ́n jọ ń ṣeré jáàsì ní òtẹ́ẹ̀lì kan lọ́nà Ẹdúnàbọ̀n ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ọ́. Tó bá di àárọ̀ Sátidé, wọn a gbé igi gọ́ọ̀fù, ó di pápá. Àpò igi kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń lò. Màámi máa ń tètè jáde lọ síbi iṣẹ́, nítorí náà èmi náà a tẹ̀ lé wọn.

Àwọn èèyàn mìíràn ní pápá a máa dákẹ́ rọ́rọ́ bí ẹnìkan bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Ti àwọn Bàámi kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti gbé igi sókè, àwọn méjì tó kù a bẹ̀rẹ̀ sí í kun orin jẹ́jẹ́ láìla ẹnu. Wọ́n ní láìsí orin, ọwọ́ àwọn kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Bàbá kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa pariwo lọ́jọ́ kan pé, “Ẹ̀yin wọ̀nyí, ṣé ìṣọ́ òru lẹ wá ṣe ni?”

Èmi kì í bá wọn kùn ún. Ohùn mi ti ṣáko níwájú ìjọ lọ́jọ́ ìkórè àwọn ọmọdé, gbogbo èèyàn sì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pa ẹnu mi dé.

Bàámi ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ nídìí eré wọn: “Bí o bá ṣì í, tún un ṣì. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló ń sọ ọ́ dorin.” Lọ́jọ́ kan, Alájì gbá bọ́ọ̀lù wọ igbó. Wọ́n gbé òmíràn kalẹ̀, wọ́n tún gbá a wọ inú igbó yẹn gan-an.

“Alájì, kí lẹ ń ṣe?” Bàámi ló bi wọ́n.

“Mò ń tún un ṣì, kó lè dorin!”

“Ìdí fèrè la ti sọ bẹ́ẹ̀, Alájì! Ẹ fẹ́ kó gbogbo bọ́ọ̀lù wa fún igbó jẹ!”

Ẹ̀rín pa mí débi pé nígbà tí Bọ̀dá Dípọ̀ gbé igi, mo gbàgbé ara mi, mo bá wọn kùn ún. Ohùn mi ṣáko bíi ti ọjọ́ ìkórè. Mo yára fọwọ́ bo ẹnu. Bàámi yíjú sí mi.

“Tọ́lání, tún un ṣì.”

Mo mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu, mo tún un kùn, ibi tí mo ti ṣáko náà ni mo tún gbà. Alájì gba abẹ́ ohùn mi, Bọ̀dá Dípọ̀ gba òkè, Bàámi ń fọwọ́ lu àpò igi. Àṣìṣe mi dorin létí mi.

Ọmọ tí mo jẹ́ lọ́jọ́ náà láyà ju èmi òní lọ. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí nítòsí Ẹnuwá, ṣùgbọ́n abẹ́ ariwo máṣíìnì nìkan ni mo ti máa ń kọrin. Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ́ tó kọjá, Alájì wá bá mi níbẹ̀. Ètè Bàámi kò lágbára fèrè mọ́, ẹgbẹ́ wọn sì fẹ́ tú.

“A ò wá afunfèrè mìíràn,” ni wọ́n wí. “Ohùn kan là ń wá, èyí tó mọ̀ wá. Bí o bá kọ̀, ó parí nìyẹn.”

Mo tẹjú mọ́ aṣọ tí mò ń rán, mo ń tẹ máṣíìnì lọ. Nílé, Bàámi kò bẹ̀ mí. Wọ́n kàn ń nu fèrè wọn bí ìgbà tí wọ́n ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti dé pápá kí Bàámi àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn tó dé. Bàámi gbé igi sókè, wọ́n dúró de orin.

N kò kùn ún. Mo la ẹnu, mo kọ orin náà síta.