Àtàǹpàkò Àwọn Aláró

Ní ayé ìjọba alágbádá àkọ́kọ́, kí àwọn ṣọ́jà tó dé, kò sí ẹni tó lè bá mi jiyàn ní Òṣogbo. Ọmọ Iléṣà ni mí, iṣẹ́ bíríkìlà ló gbé mi wá. Ìwé kékeré ni mo kà, n kò sì tijú rẹ̀, nítorí àwọn tó ka ìwé ńlá ló ń wá bẹ̀ mí pé kí n bá wọn sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ òṣèlú wa fi mú mi ṣe aṣojú nídìí àpótí ìbò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń forúkọ sílẹ̀ báyìí tí àwọn ṣọ́jà ní àwọn ń lọ, ẹ gbọ́ ohun tí mo fi ẹnu yìí ṣe.

Aláró kan wà ní àdúgbò wa, Àlàájà Sábítíyù. Òfin ti gba obìnrin láyè láti dìbò nígbà náà, ṣùgbọ́n nínú agbo ilé, ọkọ ló ń kó káàdì ìyàwó pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, òun náà ló sì ń sọ ẹni tí ìyàwó yóò dìbò fún. Àlàájà ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ń kó àwọn obìnrin láti ilé dé ilé, wọn a jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọn kò ní dáná, wọn kò ní dìde, títí káàdì yóò fi jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọlọ́pàá tì í mọ́lé. Bó bá ti jáde, ẹnu ọ̀nà mìíràn ló ń gbà lọ.

Ìyàwó mi, Ṣadé, wà lára wọn. Ọ̀dọ̀ Àlàájà ló ti kọ́ṣẹ́ aró. Abẹ́ ìrọ̀rí tèmi ni káàdì rẹ̀ ti jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìbò, àwọn aláró tò wá. Ẹni tó bá ti dìbò, wọ́n á fi yíǹkì kun àtàǹpàkò rẹ̀ kó má baà padà wá. Akọ̀wé ìdìbò, tí kì í ṣe ará ìlú wa, wo ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́, ó dúdú. Ó wo ti ẹnì kejì, ó dúdú.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ ti dìbò níbòmíràn."

"Aró ni, ọmọ mi," ni Àlàájà wí.

Akọ̀wé yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé aró ni lóòótọ́?"

Mo mọ̀ pé aró ni. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń gún iyán tí mò ń jẹ lálaalẹ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ti sọ fún mi pé àwọn obìnrin yẹn kò ní dìbò fún wa.

"Yíǹkì ni," ni mo wí. "Mi ò gbà."

Àlàájà ká apá bùbá rẹ̀ sókè. Aró dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ṣé ìgbọ̀nwọ́ lẹ fi ń dìbò ní Iléṣà?"

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Mo pe òfin tí n kò kà rí. Mo ní wọ́n fi aró bo yíǹkì mọ́lẹ̀ ni. Bí akọ̀wé bá ti fẹ́ gbà, mo tún gbé òmíràn dìde. Ṣadé bọ́ síwájú. Ó kàn na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú mi. N kò wò ó.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ kí Àlàájà tó bọ́ bàtà. "Akọ̀wé, fi yíǹkì rẹ kun ọmọ ìka ẹsẹ̀ wa. Ibẹ̀ mọ́."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó gbà. Wọ́n ń bọ́ bàtà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dìbò. Àlàájà ní gbogbo wọn ni yóò ṣáájú òun. Nígbà tó wá kàn án, akọ̀wé wo aago, ó ti àpótí.

"Àkókò ti tó, ìyá. Ẹ má bínú."

Ó dúró pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, ó wò mí. "O ti ṣe é," ló wí, ó sì ń lọ.

Láìpẹ́, àwọn ṣọ́jà gbàjọba. Àlàájà kú láìdìbò rí. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń mú káàdì yín dání fúnra yín, òun ló jà á gbà. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ìbò kan péré ni mo dí lọ́nà. Kan péré ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan ni Àlàájà ní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá Ṣadé lọ forúkọ sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń kọ orúkọ wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Màmá, kí ló ṣe ọwọ́ yín?"

Ṣadé wojú mi.

"Aró ni," ni mo wí.